Ibi Tí Títì Ti Rọ̀

Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ló hú òkú náà jáde. Oòrùn ń ta gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ̀ náà sì ru sìmẹ́ǹtì dé góńgó. Bó ṣe dé ibi tí títì tuntun ti yà sí ọ̀nà èbúté, táyà ẹ̀yìn rì wọnú ọ̀dà bí ẹni pé inú ẹrẹ̀ ló wọ̀. Awakọ̀ tẹná mọ́ ọn. Táyà ń yí lójú kan, ó ń ta òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn, nígbà tó sì fò jáde nínú kòtò tó gbẹ́ fún ara rẹ̀, ó gbé bàtà kan bọ̀. Ẹsẹ̀ wà nínú bàtà náà.

Kí Abẹ́rẹ́ tó débẹ̀, wọ́n ti hú ìyókù. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pe obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń rọ ọmọ kó sùn lọ, àmọ́ ibi tó bá ti gún èèyàn, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ wo òkú náà. Inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún páìpù omi ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n da òkúta bò ó, wọ́n wá da ọ̀dà lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ara rẹ̀ ti jó, gbogbo wọn sì gbà pé ọ̀dà gbígbóná ló jó o.

"Ta ló mọ̀ ọ́n?" ó bi àwọn òṣìṣẹ́ títì tó dúró yíká.

Ẹnì kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ìdè idẹ tó wà níwájú bẹ́líìtì òkú, bí ẹni tó ń tọ́ka sí pàǹtí. "Aláyẹ̀wò ilé iṣẹ́ wa nìyẹn. Òun nìkan ló ń de irú bẹ́líìtì yẹn. A ní ó ti bá obìnrin lọ."

"Ta ló sọ pé ó bá obìnrin lọ?"

"Gbogbo wa náà ni. A ti fi rẹ́rìn-ín tẹ́rùn."

Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ òkú náà. Oríkèé ìka ti fọ́ yángá, tọwọ́ ọ̀tún, tọwọ́ òsì.

"Rólà ló ṣe ìyẹn," ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ wí. "Rólà wa wúwo."

Abẹ́rẹ́ tẹ egungun ìhà òkú náà wò, ó tẹ orí rẹ̀ wò. Kò síbi tó fọ́. Ó ń rò ó pé irú rólà wo ló máa fo orí àti àyà dá, táá wá lọ máa fi ìbínú lọ oríkèé ìka.

*

Ilé iṣẹ́ tí òkú náà ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ilé iṣẹ́ kékeré. Àwọn tó ń wa epo rọ̀bì máa ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ tó kún fún epo a sì máa tẹ̀lé irin wọn jáde. Wọn kì í mọ ibi tí wọn yóò dà á sí, torí ibi tí wọ́n bá dà á sí, koríko ibẹ̀ á kú, omi ibẹ̀ á máa yọ fófòó. Ilé iṣẹ́ yìí ló ń gba ẹrẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á sun ún nínú ààrò ńlá títí epo inú rẹ̀ á fi jó tán, wọ́n á wá po ìyókù rẹ̀ mọ́ òkúta àti ọ̀dà láti fi ṣe títì. Tó bá jiná dáadáa, títì náà á le koko. Tí kò bá jiná, epo inú rẹ̀ á máa jẹ ọ̀dà títí oòrùn á fi túdìí àṣírí. Iṣẹ́ olóògbé ni láti yẹ ẹrù kọ̀ọ̀kan wò kó tó jáde.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ọ̀gá àgọ́ ti mú ẹni tó pa á, lójú tiẹ̀. Awakọ̀ rólà ni, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀. Aláyẹ̀wò ti dá ẹrù padà lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sínú oòrùn láìríṣẹ́ ṣe, inú sì bí Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀. Ó ní lójú gbogbo wọn pé lọ́jọ́ kan òun máa tẹ ọkùnrin náà mọ́ títì, òun á sì fi ọ̀dà kùn ún lórí. Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àwọn kan náà ló wá ń tò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá báyìí, tí wọ́n ń sọ ọ́ ní kíkún.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọ àtìmọ́lé, wọ́n ti yọ eyín iwájú Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀ fún un láìlo dókítà.

"Ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fún mi, bàbá."

"Mo ti sọ ọ́. Mo ní èmi ni." Ẹnu rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ ń yọ̀ jáde níbẹ̀. "Wọ́n ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

"Níbo lẹ ti pa á?"

"Ibi tí wọ́n bá fẹ́ náà ni."

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀dà tẹ́ ẹ tẹ̀ ní oríta èbúté yẹn, ẹ rántí bó ṣe rí lábẹ́ rólà?"

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà tó gbójú sókè. "Mo rántí dáadáa. Ó ń lẹ̀ mọ́ irin bí àtè. Mo ní ẹrù yìí kò jiná o, wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, pé àṣẹ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni."

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ tẹ́ òkú síbẹ̀, ẹ ò ní pariwo pé ọ̀dà orí rẹ̀ kò dáa."

Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀ ronú sí i. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ bá mi sọ ìyẹn fún àwọn tó wà níta."

Ó sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ kí ọkùnrin náà ṣì wà níbẹ̀ ná, torí ó ti jẹ́wọ́.

*

Lọ́jọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ fẹsẹ̀ rin títì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń fi ọ̀bẹ gún un kiri bí ẹni tó ń wò bóyá iṣu ti jiná. Níbi gbogbo, ọ̀bẹ kọ̀, kò wọlé. Oríta èbúté nìkan ló ti wọlé ṣùúrù. Ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ó fi òòlù fọ́ díẹ̀ níbi tó le, ó kó méjèèjì lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìn àgọ́, ó gbé wọn ka iná nínú agolo méjì. Èyí tó le kàn ń gbóná ni. Èyí tó rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sun epo, òórùn rẹ̀ sì lé alásè jáde.

Ọ̀gá àgọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi áńkáṣífù bo imú. "Ọ̀rọ̀ ti yé mi," ó ní. "Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló ń ta ẹrẹ̀ tútù fún ìlú. Aláyẹ̀wò rí i, ó fẹ́ tú u fó, wọ́n pa á. Mo máa lọ mú ọkùnrin yẹn."

"Ẹni méjì lẹ máa ti mú nìyẹn, sà."

"Kí lo rí tí kò dáa níbẹ̀?"

"Tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá ń jalè, gbogbo títì ló máa jí. Ta ló ń jí oríta kan ṣoṣo? Ẹrù ọjọ́ kan péré ni kò jiná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ààrò kú lọ́jọ́ yẹn." Ó pa iná. "Ohun tó pa ààrò ni mo ń wá."

Wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ tí dókítà tó yẹ òkú wò fi pe fóònù Abẹ́rẹ́. Dókítà náà kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn.

"Ọ̀dà kọ́ ló jó ara rẹ̀ o," ó ní. "Òkè ni wọ́n ti da ọ̀dà lé e, ilẹ̀ tútù sì ni ẹ̀yìn rẹ̀ wà. Àmọ́ ẹ̀yìn jó bí iwájú ṣe jó. Èéfín kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀."

"Ìyẹn ni pé ó ń mí nígbà yẹn."

"Ó mí dáadáa. Ó pẹ́ tó fi ń mí."

*

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò sá fún un. Ó ní òun wà nírìn-àjò nígbà tí wọ́n ń tẹ oríta èbúté, òun kò sì pàṣẹ kankan. "Ààrò wa kì í kú láìjẹ́ pé mo gbọ́," ó ní. "Ẹ lọ bi aláàrò. Àbúrò rẹ̀ ni olóògbé. Òun náà ló bá a wáṣẹ́ síbí."

Aláàrò jẹ́ ọkùnrin gíga tó ti dojú kọ iná títí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ fi jó dànù. Ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ kí Abẹ́rẹ́. Kò sunkún, àmọ́ ó so aṣọ dúdú mọ́ apá. Ó mú un lọ wo ààrò náà: gbọ̀ngàn irin gígùn tí èèyàn lè dúró nínú rẹ̀ láìtẹríba, ilẹ̀kùn irin nípọn níwájú, ìkọ́ ńlá lẹ́yìn ilẹ̀kùn níta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná sí i. Bí ó ti ń gbóná, ó ń ké, kàn, kàn-kàn, kàn.

"Kí ló ń dún níbẹ̀ yẹn?" Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Irin ni, ìyáàfin. Tó bá ń gbóná, ó máa ń nà. Àwọn ará ẹ̀yìn ọgbà á ní ẹ̀mí àìrí wà nínú rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹlòmíì lè ṣì í gbọ́. Èmi ò lè ṣì í gbọ́. Bí òkúta tí kò ju èékánná lọ bá já bọ́ nínú ibẹ̀, mo máa mọ̀."

"Ọjọ́ tí àbúrò yín sọnù ńkọ́? Ṣé ààrò kú lọ́jọ́ náà?"

"Rárá o. Ó jó láti àárọ̀ dalẹ́."

Abẹ́rẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a kẹ́dùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Títì ti sọ pé ààrò kú. Ẹni tó ń ṣọ́ ààrò ní kò kú. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń parọ́, títì kò sì ní ohun tó fẹ́ fi irọ́ ṣe.

Síbẹ̀, irọ́ nìkan kò tó láti fi de èèyàn. Kí ni ẹ̀gbọ́n á fẹ́ fi ikú àbúrò ṣe?

Ó rí ìyàwó olóògbé nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, níbi tó ń bá wọn rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ náà ló ń sùn, òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló lé e jáde. Ó ní ìwà rẹ̀ ló lé ọmọ òun lọ bá obìnrin mìíràn.

"Ó da omi fífọ àwo lé mi lórí lójú àwọn aládùúgbò," ìyàwó náà ní. Kò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́ àti òwú ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró, ó ń wò mí. Ó bá mi gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé àánú ni."

"Ṣé ìjà wà láàárín òun àti ọkọ yín?"

"Wọn kì í jà. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá wọn ló wà láàárín wọn." Ó já òwú pẹ̀lú eyín. "Ohunkóhun tí ẹ̀gbọ́n bá ṣe, ìyá á ní kó lọ wo bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi lọ, ìyá ní kí ẹ̀gbọ́n kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá bàbá wọn, kí àwa kó wọbẹ̀ torí ọmọ. Ó ní ibi tí wọ́n ń kó ìgò òfìfo sí tó ẹni tí kò láya tí kò lọ́mọ. Ọkọ mi bẹ ìyá pé kó fi í sílẹ̀. Ìyá ní àánú rẹ̀ ló pọ̀ jù."

"Kí ni ẹ̀gbọ́n sọ?"

"Ó ní kò burú. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ́ kí ààrò tutù kí wọ́n lè fọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ débẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá kan. Aláàrò wà níwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ irin.

"Tí wọ́n bá fẹ́ wọlé lọ fọ èépá inú rẹ̀, báwo ni ẹni tó wà níta ṣe máa mọ̀?" Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Ẹni tó bá wọlé á fi fìlà rẹ̀ kọ́ sára ìkọ́."

Abẹ́rẹ́ tú ìborùn rẹ̀, ó fi kọ́ sára ìkọ́. Ó wọ inú ààrò lọ. Ó yíjú sí ọlọ́pàá náà, ó ní, "Pa ilẹ̀kùn dé. Má ṣí i àfi tí aláàrò bá ní kí o ṣí i."

Ilẹ̀kùn dé gbàgà. Òkùnkùn inú ibẹ̀ nípọn, ó ní òórùn epo àti òórùn irun tó jó. Abẹ́rẹ́ rò pé òun lè fara dà á, àmọ́ kò pẹ́ tí òógùn fi bò ó, bẹ́ẹ̀ ààrò tutù ni. Ó ká ọwọ́ kan, ó fi oríkèé ìka kan ilẹ̀kùn. Irin náà gbé ohùn ọwọ́ rẹ̀ mì, ohun tó dún kò ju bí ìgbà tí èèyàn ń kan odi lọ. Ó kàn án sí i. Ó kàn án títí ọwọ́ fi ń ta á. Níta, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, aláàrò ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìborùn Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ kan lẹ fi kàn án," ó ní. "Méjèèjì lòun fi kàn án."

Abẹ́rẹ́ gba ìborùn rẹ̀. "Ṣé ó jọ ohùn irin?"

"Kò jọ ọ́ rárá."

"Ẹ sọ fún mi."

Ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. Àbúrò rẹ̀ ti wọlé lọ ha èépá tó fẹ́ yẹ̀ wò. Òun kò wo ìkọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá wọn ló ń jà lórí rẹ̀. Ó pa ilẹ̀kùn, ó fi ìkọ́ kọ́ ọ, ó tanná. Ìgbà tó fẹ́ lọ jókòó ló rí fìlà náà nílẹ̀, ibi tó já bọ́ sí lára ìkọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbọ́ ọ.

"Ṣé ó ké?"

"Ó ké. 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣí i.' Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti kékeré."

"Níbo lọwọ́ yín wà?"

"Ó wà lórí ìkọ́. Ó kù kí n fà á ni."

"Kí ló dé tẹ́ ò fà á?"

Aláàrò wo iwájú bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa tọ́. "Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí rí láyé mi, ìyáàfin. Mo ní kó bẹ̀ mí díẹ̀ sí i. Mo ní kó kàn tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá ṣí i. Ó tún sọ ọ́. Mo ní lẹ́ẹ̀kan sí i." Ó nu ojú tí kò lómi. "Àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn ọgbà ń tàkúrọ̀sọ. Wọ́n rò pé irin ni. Nígbà tó yá, ó di irin lóòótọ́."

Ó pa iná, ó dúró kí ààrò tutù, ó gbé àbúrò rẹ̀ jáde. Ẹrẹ̀ ọjọ́ náà kò rí iná, ó sì bẹ̀rù kí wọ́n má béèrè ìdí tí ẹrù kò fi jáde. Ó pò ó mọ́ ọ̀dà bẹ́ẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ ẹrù náà fúnra rẹ̀. Òkú wà lábẹ́ tapólì, lẹ́yìn ìjókòó. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun, ó tẹ́ ẹ sínú kòtò páìpù, ó da òkúta bò ó, ó da ọ̀dà lé e, ó wá dúró tì í títí rólà fi kọjá. Òun náà ló sọ fún Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀ pé àṣẹ ọ̀gá ni.

*

Ó bẹ Abẹ́rẹ́ pé kí wọ́n má tíì de òun, kí òun fẹnu ara òun sọ fún ìyá òun. Abẹ́rẹ́ gbà, torí ó mọ̀ pé kò ní sá. Wọ́n bá ìyá náà lágbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Aláàrò dúró níwájú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹ̀wà inú àwo. Abẹ́rẹ́ ló sọ ọ́ fún un.

Ìyá náà ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Ó wá gbé àwo náà kalẹ̀.

"Ẹni tẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú yẹn ńkọ́?" ó béèrè. "Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́."

"Wọ́n lù ú ni, mà. Wọ́n ti fi í sílẹ̀ láàárọ̀ yìí."

"Ẹ tún mú un. Ẹni tó ti jẹ́wọ́, kí ni wàhálà tó tún kù níbẹ̀?" Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, bí ẹni tó ń ná ọjà ló rí. "Tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ mú ìyàwó ọmọ mi. Òun ni mo ti ń sọ látọjọ́ yìí."

"Ọmọ yín ló pa á, mà. Ó gbọ́ tó ń pè é, kò dá a lóhùn."

"Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ." Ìyá náà wá yíjú sí Abẹ́rẹ́ dáadáa, ó sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyáàfin, èyí tó dáa nínú wọn ti lọ. Mo mọ̀ pé èyí kò tó nǹkan, kò tó nǹkan rí. Àmọ́ kò sí òmíràn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kù gbọ́ bùkátà."

Aláàrò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sí ọlọ́pàá tó dúró tì í.

"Ẹ dè mí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá náà tó bú sẹ́kún, ó sì ń pè é kó padà. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló ń pè.